Bí A Ṣe Ń Tò Sáfẹ́tì Bọ́ílà àti Bí A Ṣe Ń Dán An Wò

Ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kí ẹnìkan má pè mí láti ilé búrẹ́dì, ilé ìfọṣọ tàbí ibi tí wọ́n ti ń fún epo nílùú Iléṣà yìí, kí ó sì bi mí pé: "Ẹnjiníà, sáfẹ́tì bọ́ílà wa ń jò. Ṣé ká kàn fún síkúrù orí rẹ̀ díẹ̀ sí i ni?"

Rárá o. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Bọ́ílà ni ìkòkò irin ńlá tí a dé pa, tó ń sọ omi di sítíìmù; sáfẹ́tì sì ni fáàfù tó ń ṣí fúnra rẹ̀ láti tú sítíìmù dànù bí pirẹ́ṣọ̀, ìyẹn agbára tí sítíìmù fi ń ti irin, bá ga jù.

Gbogbo ohun tó kù tó ń ṣọ́ bọ́ílà ló ní ohun tó gbára lé. Síwíìṣì pirẹ́ṣọ̀ nílò iná mànàmáná. Pọ́ǹpù omi nílò iná mànàmáná. Ẹni tó ń ṣọ́ géèjì nílò oorun, ó sì lè tòògbé. Sáfẹ́tì nìkan ni kò dúró de ẹnikẹ́ni: sípíríǹgì ló ń tẹ̀ ẹ́ pa, agbára sítíìmù ló sì ń ṣí i. Bí ẹ bá fún un jù, kò sí ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀ tó lè gbà yín.

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn yín kí a tó tẹ̀síwájú. Omi tó ń hó nínú ìkòkò nílé gbóná tó 100 lórí ìwọ̀n Celsius. Omi inú bọ́ílà tó wà ní 100 psi (psi ni ìwọ̀n pirẹ́ṣọ̀ tí géèjì ń fi hàn) gbóná tó bíi 170. Bí irin bọ́ílà bá ya lójijì, ooru tó fi ju 100 yẹn ló máa sọ apá kan omi náà di sítíìmù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Omi tó sì di sítíìmù nínú afẹ́fẹ́ gbangba máa ń fẹ̀ tó ìlọ́po 1,600. Ohun tó ń wó ògiri nìyẹn.

## Ta ló lè ṣe é?

Gbígbé lífà, ìyẹn ọwọ́ irin tó wà lára sáfẹ́tì, láti mọ̀ bóyá sáfẹ́tì ṣì ń ṣí, ẹni tó ń ṣọ́ bọ́ílà lójoojúmọ́ lè ṣe é bí wọ́n bá ti kọ́ ọ. Jíjá síìlì, ìyẹn wáyà àti òjé tí wọ́n fi dè é, àti yíyí síkúrù, iṣẹ́ ẹni tó kọ́ iṣẹ́ bọ́ílà ni, kí ẹni tó ni ilé iṣẹ́ sì mọ̀ sí i. Òfin ilé iṣẹ́ ní Nàìjíríà béèrè pé kí bọ́ílà ní sáfẹ́tì tó yẹ, kí ẹni tí ìjọba fọwọ́ sí sì máa yẹ bọ́ílà náà wò. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá ti fi òjé dè é, ẹ má já a láìsọ fún un.

## Nọ́ḿbà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó mú sípánà

Pátákó irin kan wà lára bọ́ílà. Ẹ wá a. Bí ọ̀dà tàbí èéfín bá ti bò ó, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á títí lẹ́tà rẹ̀ yóò fi hàn. Pirẹ́ṣọ̀ tó ga jù tí bọ́ílà náà gbọ́dọ̀ lò wà níbẹ̀. Nọ́ḿbà yẹn ni ọ̀gá. Kì í ṣe ohun tí ẹni tó tà á sọ, kì í sì í ṣe ohun tí ẹ rò pé búrẹ́dì yín nílò.

Pátákó kékeré mìíràn wà lára sáfẹ́tì fúnra rẹ̀, pẹ̀lú pirẹ́ṣọ̀ tí wọ́n tò ó sí àti ìwọ̀n sítíìmù tó lè tú jáde ní wákàtí kan. Ìwọ̀n kejì yìí gbọ́dọ̀ tó gbogbo sítíìmù tí bọ́ílà lè ṣe, kódà kó jù ú lọ.

Màá fi bọ́ílà 100 psi ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀, torí ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Tí tiyín bá jẹ́ 150, ẹ fi 1.5 sọ nọ́ḿbà wọ̀nyí di púpọ̀.

- Sáfẹ́tì gbọ́dọ̀ ṣí ní 100. Ẹgbẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń kọ ìlànà bọ́ílà, ìyẹn ASME, fàyè gba àṣìṣe 3% láàárín 70 sí 300 psi. Ìyẹn ni pé láti 97 sí 103 kò burú.
- Lẹ́yìn tó bá ti ṣí, ó yẹ kó tún pa ẹnu dé ní nǹkan bíi 96 sí 98.
- Ibi tí ẹ ti ń lo bọ́ílà lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ ju 90 lọ. Ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ tún sàn.
- Ẹ má gbé lífà bí pirẹ́ṣọ̀ kò bá tíì tó 75.
- Bí sáfẹ́tì bá jẹ́ méjì, ọ̀kan wà ní 100 tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀, èkejì kò gbọdọ̀ kọjá 103.
- Nígbà tí iná bá wà ní kíkún tí sítíìmù kò sì rí ibòmíràn gbà, pirẹ́ṣọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá 106.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwọ̀n tó yàtọ̀ síra. Mo ti rí bọ́ílà tí pátákó rẹ̀ wà ní MPa, tí géèjì rẹ̀ wà ní bar, tí sáfẹ́tì tí wọ́n rà láti Èkó sì wà ní psi. 1 bar jẹ́ 14.5 psi. 1 MPa jẹ́ 10 bar, ìyẹn 145 psi. Bí pátákó bá sọ 0.7 MPa, 7 bar ni, ó fi díẹ̀ ju 100 psi lọ. Ẹ ṣe ìṣirò yìí sórí ìwé, kí ẹlòmíràn sì yẹ̀ ẹ́ wò.

## Ohun tí ẹ ó kó jọ

- Géèjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ wò, tí ìwọ̀n rẹ̀ dé bíi 200 fún bọ́ílà 100. Géèjì tó dúró ní 120 kò dára, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á ti sún mọ́ òpin jù.
- Ohun tí a fi ń dí etí fún gbogbo ẹni tó bá wà ní yàrá bọ́ílà. Ariwo rẹ̀ lè ba etí jẹ́.
- Ìbọ̀wọ́ aláwọ, góògù, aṣọ alápá gígùn, bàtà tó bo ẹsẹ̀.
- Sípánà méjì tó bá nọ́ọ̀tì mu rẹ́gí. Ẹ fi pláyà tó ń yọ̀ sílé.
- Ìwé, bírò, ṣọ́ọ̀kì tàbí ọ̀dà funfun.
- Wáyà àti òjé tí ẹ ó fi sàmì sí i nígbà tó bá parí.
- Ènìyàn méjì, ó kéré tán: ọ̀kan fún sáfẹ́tì, ọ̀kan fún iná àti gíláàsì omi, ìyẹn gíláàsì tó ń fi bí omi inú bọ́ílà ṣe ga tó hàn.
- Jẹnẹrétọ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ má fi iná ìjọba nìkan ṣe ìdánwò yìí. Bó bá lọ nígbà tí pirẹ́ṣọ̀ wà lókè, pọ́ǹpù omi dúró nìyẹn.

## Ìgbésẹ̀ kìíní: àyẹ̀wò nígbà tí bọ́ílà ṣì tutù

Ibí ni àwọn ènìyàn máa ń fò kọjá, ibẹ̀ náà ni mo sì ti máa ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà.

1. Ẹ wo bí sáfẹ́tì ṣe dúró. Ó gbọ́dọ̀ nàró ṣánṣán. Bó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, dísíkì inú rẹ̀, ìyẹn ìdérí tó ń pa ẹnu rẹ̀ dé, kò ní jókòó dáadáa.
2. Ẹ wo àárín bọ́ílà àti sáfẹ́tì. Kò gbọdọ̀ sí fáàfù kankan níbẹ̀, bó ti wù kó kéré tó. Bákan náà ni lórí páìpù tó ń gbé sítíìmù jáde.
3. Ẹ wọn páìpù ìtújáde. Kò gbọdọ̀ kéré ju ẹnu sáfẹ́tì fúnra rẹ̀ lọ. Mo ti rí ibi tí ẹnu sáfẹ́tì jẹ́ íńṣì méjì tí wọ́n wá fi páìpù íńṣì kan sí i torí òun ni wọ́n rí rà.
4. Ẹ wo ohun tó gbé páìpù náà dúró. Ògiri tàbí irin mìíràn ló yẹ kó gbé e. Bí ẹrù páìpù bá wà lórí sáfẹ́tì, ara rẹ̀ á wọ́, á sì máa jò.
5. Ẹ wo ihò tí omi ń gbà sàn ní ìsàlẹ̀ páìpù. Bó bá dí, omi òjò á jókòó lórí dísíkì, á dípẹtà.
6. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú páìpù láti òkè.

Kókó kẹfà yẹn, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Nílé ìfọṣọ kan ní Iléṣà, bọ́ílà ti wà láìṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́rin kí wọ́n tó pè mí. Mo gun àkàbà, mo tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu páìpù, n kò rí ìsàlẹ̀. Mo fi irin gígùn tọ́ ọ. Amọ̀ gbígbẹ ló ń jábọ́, pupa bí amọ̀ ìkòkò, pẹ̀lú ihò róbótó róbótó nínú rẹ̀. Agbọ́n ti kọ́lé sínú páìpù ìtújáde. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ bọ́ílà náà bu ẹ̀kúnwọ́ méjì. Ká ní wọ́n dáná sí i láàárọ̀ ọjọ́ náà, inú amọ̀ yẹn ni sítíìmù ì bá máa wá ọ̀nà gbà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ pa bọ́ílà tì pé kí wọ́n fi àwọ̀n onírin tó fẹ̀ lójú bo ẹnu páìpù, kí wọ́n sì yọ ọ́ kúrò kí wọ́n tó dáná.

## Ìgbésẹ̀ kejì: gbígbé lífà

Èyí kò sọ fún yín pé 100 ni sáfẹ́tì máa ṣí. Ohun tó ń sọ ni pé kò tíì lẹ̀ mọ́ ìjókòó rẹ̀. Ẹ máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà, ó kéré tán. Èmi máa ń ní kí àwọn tó ń lo omi kànga ṣe é lóṣooṣù, torí ìdọ̀tí omi bẹ́ẹ̀ ń pọ̀.

1. Ẹ rí i pé omi wà ní àárín gíláàsì.
2. Ẹ jẹ́ kí pirẹ́ṣọ̀ ga tó 75, ó dára bó bá tó 80. Bí pirẹ́ṣọ̀ bá kéré jù, sítíìmù kò ní lágbára láti gbá ìdọ̀tí dànù. Lábẹ́ dísíkì ni yóò há sí, sáfẹ́tì tí kò jò á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jò.
3. Ẹ so okùn tàbí wáyà mọ́ lífà kí ẹ lè dúró jìnnà. Ẹ má dúró sí iwájú ẹnu páìpù.
4. Ẹ fà á títí dé òpin. Ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́wàá.
5. Ẹ ju okùn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Dísíkì gbọ́dọ̀ padà pẹ̀lú agbára. Ẹni tó bá ń rọra tú u sílẹ̀ á jẹ́ kí sítíìmù gé ojú ìjókòó náà bí ọ̀bẹ.

Bó bá ṣì ń jò, ẹ gbé e lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹ bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta tí kò sì dáwọ́ dúró, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ pa iná, kí ẹ sì pe ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Bí lífà kò bá gbé rárá, ẹ má fi òòlù lù ú. Sáfẹ́tì tó ti lẹ̀ pa kì í ṣe sáfẹ́tì mọ́. Ẹ pa bọ́ílà lójú ẹsẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ kẹta: kí ó ṣí fúnra rẹ̀

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán. Ẹ yan ọjọ́ tí iṣẹ́ kò sí. Ọjọ́ tí oníbàárà ń dúró de búrẹ́dì kọ́ ni a ń ṣe irú èyí.

1. Ẹ ti fáàfù tó ń gbé sítíìmù lọ sínú ilé iṣẹ́, kí sítíìmù má bàa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tí kò lè gbà á.
2. Ẹ so géèjì ìdánwò mọ́ bọ́ílà. Páìpù rẹ̀ tó ká bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀ gbọ́dọ̀ kún fún omi, kí sítíìmù gbígbóná má bàa kan inú géèjì. Ẹ fi wé géèjì bọ́ílà. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ju 2 psi lọ, ẹ tún ti bọ́ílà ṣe.
3. Síwíìṣì pirẹ́ṣọ̀ ló ń pa bọ́nà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dáná sí bọ́ílà, ní 90. Ẹ ní láti gbé e sókè kí pirẹ́ṣọ̀ tó lè dé 100. Ẹ kọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó yí i. Ẹ so aṣọ pupa mọ́ ọn kí ẹ má bàa gbàgbé láti dá a padà.
4. Ẹ dáná. Láti 90 sókè, ẹ dín iná kù kí abẹ́rẹ́ máa gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́. Bó bá ń sáré, ojú kò ní lè mú nọ́ḿbà náà.
5. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹnìkan gbájú mọ́ géèjì, kó má wo ibòmíràn. Ẹnìkejì gbájú mọ́ gíláàsì omi.
6. Ẹ máa gbọ́ ṣìì kékeré ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ṣíṣí. Ìgbà tó bá dún gbàà lẹ́ẹ̀kan náà ni ẹ ó ka nọ́ḿbà.
7. Ẹ pa iná. Ẹ tún ka nọ́ḿbà nígbà tó bá pa ẹnu dé.
8. Ẹ dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta lápapọ̀, kí nọ́ḿbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì sún mọ́ra.

Ìkìlọ̀: Bí abẹ́rẹ́ bá dé 103 tí kò ṣí, iṣẹ́ ti parí. Ẹ pa iná, ẹ ṣí fáàfù sítíìmù síbi tí kò ti ní pa ẹnikẹ́ni lára, kí pirẹ́ṣọ̀ rọra wálẹ̀. Ẹ má gun orí bọ́ílà. Ẹ má sọ pé "ẹ jẹ́ ká dé 110 ná".

Ẹ̀yin tó ń fi igi tàbí èèpo ẹ̀kùrọ́ dáná, tiyín tún gba ìṣọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́nà dísù, bọ́tìnì kan ló ń pa á. Ẹyin iná kò ní bọ́tìnì. Ẹ fi iná tí kò nípọn ṣe ìdánwò yín, kí ẹ ní irin ìwaná àti ibi tí ẹ ó wa iná sí, kí ẹni tó máa wa á sì dúró síbẹ̀.

Bí omi bá sá nínú gíláàsì nígbàkigbà, ẹ pa iná. Ẹ má fa omi tútù sínú bọ́ílà tó ti gbẹ tó sì ti gbóná. Ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ kẹrin: yíyí síkúrù

Bí ìgbésẹ̀ kẹta bá fún yín ní 97 sí 103, ẹ má yí nǹkan kan. Àwọn kan máa ń fẹ́ kó bọ́ sí 100 géérégé, wọ́n á wá ba èyí tó dára jẹ́.

Ká ní 92 ló ṣí.

1. Ẹ jẹ́ kí pirẹ́ṣọ̀ wálẹ̀ sí 80. Ẹ má fọwọ́ kan síkúrù nígbà tó sún mọ́ ibi tó máa ṣí, ojú yín ló máa ṣí sí.
2. Ẹ yọ píìnì, lífà àti fìlà orí rẹ̀.
3. Ẹ wọn gíga síkúrù láti orí nọ́ọ̀tì tó dè é. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan láti ara síkúrù dé ara nọ́ọ̀tì. Ìlà yìí ló máa mú yín padà sílé bí ọ̀nà bá sọnù.
4. Ẹ tú nọ́ọ̀tì náà.
5. Ẹ di ọ̀pá àárín mú kó má bàa bá síkúrù yí. Bó bá yí, dísíkì á máa lọ ìjókòó rẹ̀ bí ọmọ ọlọ ṣe ń lọ ata.
6. Síkúrù lọ́wọ́ ọ̀tún ń gbé pirẹ́ṣọ̀ sókè. Lọ́wọ́ òsì ń mú un wálẹ̀. Ẹ yí ojú kan péré nínú ojú mẹ́fà tó ní.
7. Ẹ fún nọ́ọ̀tì padà, ẹ dá fìlà àti lífà padà, ẹ tún dáná.

Ká ní ó wá ṣí ní 95. Ojú kan ti fún yín ní 3 psi. Ó ku 5, nítorí náà, ojú kan àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ojú ni ẹ ó fi kún un. Ìṣirò yìí kò bá gbogbo sáfẹ́tì mu, ti sípíríǹgì tó wà lọ́wọ́ yín ni ẹ máa fúnra yín mọ̀. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Sípíríǹgì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí pátákó sáfẹ́tì bá sọ 100, ẹ má fi síkúrù gbé e jìnnà ju 5% lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lo 80 nílò sípíríǹgì mìíràn àti pátákó tuntun. Bí ẹ bá fún un jù, ẹyọ sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan á fara kanra, kò sì ní sí àyè tí dísíkì máa gbà gbéra mọ́. Á wá rí bí ẹni pé ẹ jó o pọ̀.

### Ríǹgì ìsàlẹ̀

Ọ̀pọ̀ sáfẹ́tì ní ríǹgì eléyín kan nínú, tí píìnì ẹ̀gbẹ́ ń dè mọ́lẹ̀. Òun ló ń pinnu ibi tí sáfẹ́tì máa pa ẹnu dé sí. Bó bá ń tú sítíìmù títí dé 85 kó tó pa dé, ríǹgì ga jù, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Bó bá ń ṣe ṣìì ṣìì tí kò ṣí gbàà, ó lọ sílẹ̀ jù, ẹ gbé e sókè. Ẹ ka eyín tí ẹ yí, eyín díẹ̀ ni lẹ́ẹ̀kan. Orí bọ́ílà tí pirẹ́ṣọ̀ rẹ̀ ti tán pátápátá ni ẹ ti ń ṣe èyí. Orí píìnì gbọ́dọ̀ wọ àárín eyín méjì láìtẹ ríǹgì mọ́lẹ̀.

## Bí sáfẹ́tì bá jẹ́ méjì

Bọ́ílà tí ojú ibi tí iná ti ń kan irin rẹ̀ bá ju 500 ẹsẹ̀ onígun mẹ́rin lọ gbọ́dọ̀ ní méjì. Láti dán èyí tó ga wò, a máa fi irin ìdènà tẹ ọ̀pá èyí tó kéré mọ́lẹ̀. Ẹ dúró kí pirẹ́ṣọ̀ tó 80 kí ẹ tó fi irin náà sí i, torí ọ̀pá ń gùn bó bá gbóná. Irin tí ẹ bá ti fún le nígbà tó tutù lè tẹ ọ̀pá náà wọ́. Ìka ọwọ́ lásán ni ẹ ó fi fún un, láìlo sípánà.

Bí ẹ bá ti dán èyí tó ga wò tán, ẹ yọ irin ìdènà, kí ẹ tó dán èyí tó kéré wò. Ẹ so aṣọ pupa mọ́ irin náà, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ kó wọlé sílẹ̀. Iye kan náà gbọ́dọ̀ bá yín jáde.

## Ìdánwò iná kíkún

Èyí fi hàn bóyá sáfẹ́tì lè tú gbogbo sítíìmù tí bọ́ílà lè ṣe. A máa ń ṣe é bí sáfẹ́tì bá jẹ́ tuntun, tàbí bí ẹ bá pààrọ̀ bọ́nà sí èyí tó lágbára jù. Ẹ ti gbogbo ọ̀nà sítíìmù, ẹ gbé iná sí ìpele tó ga jù, ẹ máa fa omi sí i, kí ẹ sì wo géèjì. Bó bá fẹ́ kọjá 106, ẹ pa iná. Sáfẹ́tì náà kéré fún bọ́ílà yẹn, títò kọ́ ló máa yanjú rẹ̀. Bọ́ílà tó ní páìpù tó tún ń mú sítíìmù gbóná sí i, ẹ má ṣe ìdánwò yìí fún un rárá, páìpù náà á jó.

## Kí ló dé tó ń jò?

Ìbéèrè tí ẹ fi ń pè mí nìyí. Àwọn ohun tí mo máa ń bá, bí wọ́n ṣe ń wọ́pọ̀ sí:

- Ẹ ń lò ó sún mọ́ ibi tó ti ń ṣí jù. Bọ́ílà 100 tí ẹ ń lò ní 97 á máa ṣe ṣìì lójoojúmọ́. Ẹ dín ìlò yín kù sí 85 tàbí 90.
- Ìdọ̀tí wà lórí ìjókòó. Ẹ gbé lífà bí mo ṣe sọ.
- Páìpù ń fà á. Ẹ gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀.
- Omi ń bá sítíìmù jáde. Omi bọ́ílà ti dọ̀tí tàbí ó ga jù nínú gíláàsì. Ẹ tú ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ bọ́ílà dànù.
- Ojú ìjókòó ti gé. Ó di ilé iṣẹ́ ẹni tó máa lọ̀ ọ́, tó sì máa tún dán an wò.

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí fífún síkúrù ń wò sàn. Ní ilé búrẹ́dì kan tí n kò ní dárúkọ, sáfẹ́tì wọn ṣíwọ́ jíjò lójijì, inú gbogbo wọn sì dùn. Ìgbà tí mo débẹ̀, gbogbo ara nọ́ọ̀tì náà ti dípẹtà, àyàfi ojú méjì tó ń dán bí owó tuntun, níbi tí sípánà ti bù ú. Wáyà òjé ti já, wọ́n fi wáyà iná mànàmáná so ó padà. Mo ní kí wọ́n gbé iná sókè díẹ̀díẹ̀. 100 kọjá. A dé 103, kò mira, mo sì ní kí wọ́n pa á. Nígbà tó tutù tán tí a tú u, ẹyọ sípíríǹgì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti fi dáná sábẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, pẹ̀lú obìnrin mẹ́fà tó ń po ìyẹ̀fun lẹ́yìn ògiri kejì. Mo jókòó sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè sọ̀rọ̀.

## Bí ẹ kò bá lè ṣe é lórí bọ́ílà

- Gbígbé e lọ sílé iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ ìdánwò. Ẹ bi wọ́n bóyá sítíìmù ni wọ́n ń lò tàbí afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ lè fi ibi tó ti ń ṣí hàn dé ìwọ̀n kan, ṣùgbọ́n kò lè fi ibi tó ti ń pa dé hàn dáadáa, torí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ kékeré kò pọ̀ tó. Ẹ ṣì máa ní láti dán an wò lórí bọ́ílà.
- Níní sáfẹ́tì kejì nílẹ̀. Kí ọ̀kan wà lórí bọ́ílà, kí èkejì lọ fún àtúnṣe. Ẹ má dáná láìsí ọ̀kan níbẹ̀.
- Ríra tuntun. Fún bọ́ílà kékeré, tuntun máa ń dín wàhálà kù ju àtúnṣe lọ. Bó bá jẹ́ àlòkù tí pátákó rẹ̀ ti sọnù, ẹ má rà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

## Kí ẹ tó kúrò ní yàrá bọ́ílà

Ẹ ka èyí sókè, kí ẹnìkejì máa dáhùn:

- Ṣé síwíìṣì pirẹ́ṣọ̀ ti padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀?
- Ṣé gbogbo irin ìdènà ti jáde, tí iye rẹ̀ sì pé?
- Ṣé nọ́ọ̀tì ti le, tí fìlà, lífà àti píìnì wà láyè wọn?
- Ṣé lífà ń mì díẹ̀ láìfi ara ti ọ̀pá?
- Ṣé wáyà àti òjé ti wà lórí rẹ̀?
- Ṣé àwọ̀n ti kúrò lẹ́nu páìpù?
- Ṣé ẹ ti kọ ọjọ́, ibi tó ṣí lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibi tó pa dé, gíga síkúrù, àti orúkọ ẹni méjèèjì tó wà níbẹ̀?

Ẹ fi ìwé náà sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e kọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ géèjì, níbi tí ẹni tó ń ṣọ́ bọ́ílà lóru ti lè rí i. Ẹ kọ gíga síkúrù náà gàdàgbà sórí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá yọ́ yí i, rúlà ni ẹ máa fi mọ̀.